Orin Qamardeen Tó Bí Bàbá Mọ́fẹ́yìsára Nínú

                                        Ojúlé Kọkànlá,
                                        Òkè-Ọjà,
                                        Ìgbògbò, Ìkòròdú.
                                        Ọjọ́ Kẹjọ, Oṣù Kẹfà, 2025.

Fọláwùmí, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé dáadáa lo dé láti Ìbàdàn? Orúnkún Màmá ńkọ́, ṣé ó ti ń rọ̀ wọ́n lọ́rùn díẹ̀? Àwọn ọmọ ńkọ́? Àlàáfíà la wà níbí, bí kì í bá ṣe ti Qamardeen àbúrò mi tó fẹ́ sọ mí di arúgbó ọ̀sán gangan.

O mọ̀ pé rẹ́gè àti dáńsọ́ọ̀lù ló ń kọ. Ọmọ tí kò kọjá Ṣágámù rí, tó bá ti di máíkì mú, èdè Jàmáíkà ni yóò máa fọ̀ bí ẹni pé ibẹ̀ ni wọ́n ti sọ ọ́ lórúkọ. N ò ní purọ́, ó mọ orin kọ. Á fi rẹ́gè bẹ̀rẹ̀ jẹ́jẹ́, á ju wákà ìyá wa sí àárín rẹ̀, kí o tó mọ̀, ìlù ti yára, gbogbo ènìyàn ti ń jó. Ó ti kọ ti àwọn ọlọ́kadà ibùdókọ̀ Benson, ó kọ ti ìrẹsì Ìmọ́tà, ó sì ń gbé wọn jáde lórí íńtánẹ́ẹ̀tì lemọ́lemọ́.

Èyí tó kọ fún Ẹ̀pẹ́ ló dá wàhálà sílẹ̀. Nígbà tí o wà ní Ìbàdàn, Bàbá Mọ́fẹ́yìsára, àbúrò ìyá rẹ, sọ ọmọ-ọmọ wọn lórúkọ ní Ìjẹ̀bú Ẹ̀pẹ́. Wọ́n ní kí Qamardeen tó fẹ́ fẹ́ Mọ́fẹ́yìsára ọmọ wọn wá dá àwọn lára yá. Ṣé o mọ ohun tí ọmọ yìí kọ níwájú àwọn àgbà? Pé àwọn baba òun tó wa ọkọ̀ ojú omi wá láti Èkó ló tẹ Ẹ̀pẹ́ dó. Ọmọ Èkó Ẹ̀pẹ́, ìran àwọn tó ti Èkó wá, tí a tọ́ ní Ìgbògbò, kò mọ̀ pé wọ́n bá àwọn Ìjẹ̀bú, ènìyàn Bàbá, níbẹ̀. Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà.

Bàbá bi í jẹ́jẹ́ pé ta ni àwọn baba rẹ̀ bá létí omi, tó fún wọn nílẹ̀ tí wọ́n kọ́lé sí? Ó kàn ń wo máíkì ọwọ́ rẹ̀. Bàbá ní kí a gbé ọ̀rọ̀ ìyàwó tì sí ẹ̀gbẹ́ kan ná.

Mo ní kó lọ bẹ̀bẹ̀. Áà, fóònù rẹ̀ ti ká ohùn Bàbá sílẹ̀ lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ náà. Ó gbé ìbéèrè wọn sórí ìlù tuntun, ó fi ṣe ègbè orin, ó ní ẹ̀bẹ̀ òun nìyẹn. Inú kẹ̀kẹ́ Màrúwá ni Bàbá ti gbọ́ ohùn ara wọn. Mọ́fẹ́yìsára ò yé sunkún. Ohun tó ń bí mi nínú jù ni pé orin náà dùn ju gbogbo ti tẹ́lẹ̀ lọ. Èmi fúnra mi jó o nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ, mo sì bú ara mi.

Lánàá ni Bàbá pè mí. Wọ́n ní àwọn gbọ́ ìbéèrè nínú orin, àwọn ò gbọ́ ìdáhùn. Wọ́n ní kó wá ní Sátidé kí àwọn sọ ọ́ fún un. Mo jíṣẹ́ fún Qamardeen, ó ní ṣé òun lè gbé máíkì dání.

Jọ̀wọ́, ìwọ tí o wà ní Ẹ̀pẹ́, dúró dè é lẹ́nu ọ̀nà Bàbá. Gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀. Tó bá fẹ́ ìyàwó lóòótọ́, kó dọ̀bálẹ̀, kó sì dákẹ́ títí Bàbá yóò fi sọ̀rọ̀ tán.

Bá mi kí Màmá àti gbogbo ilé.

Èmi ni, tìrẹ títí láé,
Baseerah