Kò Sí Èènì Nínú Iná Mànàmáná

Boram, ọmọ mi,

Ẹ̀rọ amúlé-gbóná ni àpótí kékeré tó ń jẹ iná mànàmáná, tó ń yọ ooru sí iwájú, tí kò sì mọ̀ pé ènìyàn ní ẹ̀yìn. Mo kọ́kọ́ sọ ìtumọ̀ rẹ̀ kí o lè mọ̀ pé mo ti yẹ ẹ̀bùn tí o fi ránṣẹ́ wò dáadáa. Ṣé àlàáfíà ni ìwọ àti ọkọ rẹ wà? Ṣé Daon ọmọ-ọmọ mi ti ń fi ẹsẹ̀ méjèèjì rìn? Òtútù Seoul kò ní wọ inú egungun yín, yìnyín kò ní yọ̀ yín ṣubú lórí àtẹ̀gùn. Àwa náà wà láàyè, àfi orúnkún ìyá rẹ tó ń sọ fún wa bí yìnyín bá fẹ́ bọ́.

O kọ ọ́ pé ẹ̀rọ yìí yóò dín kẹrosíìnì tí bọ́ílà tó ń mú ilẹ̀ ilé wa gbóná ń mu kù. Ìyẹn dùn mọ́ mi. Ohun tí kò dùn mọ́ mi ni èyí tí o kọ sí ìsàlẹ̀, pé bí ilé wa bá tún tutù bíi ti èṣí, ẹ ó gbé Daon lọ sùn ní òtẹ́ẹ̀lì ìlú nígbà ọdún tuntun ti òṣùpá. Ìyá Pilgu, aládùúgbò wa, ti gbọ́ (èmi kọ́ ni mo sọ, ìyá rẹ ni), ojoojúmọ́ ló sì ń bi ìyá rẹ bóyá wọn yóò gba owó ìwọlé lọ́wọ́ rẹ̀ kó tó rí ọmọ-ọmọ rẹ̀. Mo ní kí n fi iṣẹ́ ọwọ́ mi dí ẹnu obìnrin náà.

Ìwọ náà mọ̀ pé ilẹ̀ gbígbóná ni mo fi gbogbo ayé mi tẹ́. Ní Gamnae yìí, kò sí ilé tí n kò to òkúta sí abẹ́ ilẹ̀ rẹ̀ nígbà tí a ṣì ń fi igi dáná. Òfin iṣẹ́ náà ò ju ọ̀kan lọ: abẹ́ ni ooru ti ń wá, kì í ti ẹ̀gbẹ́. Nítorí náà, nígbà tí mo rí i nínú ìwé ìlò ẹ̀rọ náà pé kí a gbé e kalẹ̀ sínú yàrá, mo mọ̀ pé ọmọdé ló kọ ọ́. Mo fa wáyà gígùn gba ojú fèrèsé, mo gbé e sínú ihò ààrò àtijọ́ tó wà lẹ́yìn ilé, níbi tí iná igi ti máa ń gba abẹ́ ilẹ̀ wọlé, mo kọjú rẹ̀ sí abẹ́ yàrá wa. Ó kọ́kọ́ kú. Mo rí i pé bó bá ti fẹ̀gbẹ́ díẹ̀ báyìí ló ń pa ara rẹ̀. Mo rò pé òòyì ń kọ́ ọ, ni mo bá fi òkúta tì í lẹ́yìn. A wọlé, a bọ́ ìbọ̀sẹ̀, a jókòó, a ń retí. Ìyá rẹ ní ilẹ̀ tutù. Mo ní kó ní sùúrù, òkúta kì í yára gbọ́ ọ̀rọ̀. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, a bá Boksil ajá wa nínú ihò ààrò náà, ó fẹ̀yìn lélẹ̀, ó na ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sókè, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ bí ẹni pé ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn dé. Ìyá rẹ ní òun ò mọ̀ pé ajá ni ọmọ òun ra ẹ̀rọ fún.

Ìyá rẹ gbé ẹ̀rọ náà wá sí gbọ̀ngán. A ṣí gbogbo ilẹ̀kùn kí ooru lè rìn kiri, a sì jẹ́ kí bọ́ílà máa ràn án lọ́wọ́, bí màlúù méjì ṣe ń fa ohun ìtúlẹ̀ kan. Mo tún ronú kan èènì. Bí ènìyàn bá ra ẹ̀wà púpọ̀ lọ́jà, ṣé ọlọ́jà kì í bù sí i? Mo ní bí a bá ra iná púpọ̀, àwọn oníná náà yóò fi ojú oníbàárà pàtàkì wò wá. Bí a ò ṣe pa á mọ́ nìyẹn, tọ̀sán-tòru. Kódà nígbà tí a jáde lọ kí ènìyàn, a fi í sílẹ̀ kó máa ra iná fún wa.

Nígbà tí ìwé owó iná dé, ìyá rẹ ní kí n tún un kà, bóyá nọ́ńbà tẹlifóònù ni mo ń kà. Mo pe àwọn oníná láago. Obìnrin kan kí mi dáadáa, ó ní kí n tẹ oókan. Mo dá a lóhùn, mo béèrè àlàáfíà ilé rẹ̀, ó tún ní kí n tẹ oókan. Mo sọ fún ìyá rẹ pé olórí kunkun ni ọmọ yìí. Nígbà tó yá, ọmọbìnrin mìíràn tó ní etí gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, mo sì béèrè èènì mi. Ó ní Bàbá, ẹ má bínú, tiwa yàtọ̀ sí ti ọjà, bí ẹ bá ṣe ń lò ó sí i ni iye owó rẹ̀ ń gòkè sí i. Mo ní irú ọlọ́jà wo nìyẹn. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní bàbá òun náà béèrè bẹ́ẹ̀. Ó wá ṣàlàyé pé ẹ̀rọ kékeré kò lè dín ìnáwó ẹni tó fẹ́ fi mú gbogbo ilé gbóná. Yàrá kan ṣoṣo ni agbára rẹ̀ mọ, kí a ti ilẹ̀kùn, kí a sì rẹ bọ́ílà sílẹ̀ débi pé omi inú páìpù kò ṣáà ní dì. Ẹni tó bá tan méjèèjì pọ̀, ẹ̀ẹ̀mejì ló ń sanwó.

A ṣe bẹ́ẹ̀. A kó ara wa sínú yàrá kékeré tí o ń sùn nígbà tí o wà lọ́mọdé, mo fi aṣọ àtijọ́ dí abẹ́ ilẹ̀kùn. Yàrá náà móoru, ọmọ mi, kẹrosíìnì inú táǹkì sì fẹ́rẹ̀ẹ́ má dín rárá. Ìyá Pilgu gbé abọ́ kimchi, ẹ̀fọ́ tó fi iyọ̀ àti ata rẹ fúnra rẹ̀, dé kó lè fojú ara rẹ̀ rí ìtìjú wa. Ó jókòó, ó bọ́ ẹ̀wù òkè, ó kọ̀, kò lọ mọ́. Òun àti ìyá rẹ bẹ̀rẹ̀ sí í jiyàn lórí ẹni tí iyọ̀ rẹ̀ pọ̀ jù nínú kimchi ọdún yìí, yàrá sì gbóná débi pé mo dìde, mo pa ẹ̀rọ náà. Ènìyàn mẹ́ta tó ń jiyàn ò nílò iná. Ìyá Pilgu ní kí n sọ fún ọ pé kò sí ẹni tó máa gbé Daon lọ sí òtẹ́ẹ̀lì, òun ti fi àyè sílẹ̀ fún un lẹ́gbẹ̀ẹ́ òun. Boksil nìkan ni inú rẹ̀ ò dùn. Ó ṣì ń lọ jókòó síwájú ihò ààrò, ó ń wo òkúta.

Jọ̀ọ́, fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ kí a fi san gbèsè èènì tí a kò rí gbà. Bó bá ṣẹ́ kù, ìyá rẹ fẹ́ ìbọ̀sẹ̀ onírun. Àwọn baba ńlá wa yóò ṣọ́ ọ̀nà yín, ẹ ó bá wa láyọ̀, ọwọ́ Daon yóò sì gbóná nínú ọwọ́ mi.

Èmi ni bàbá rẹ,
Maeng Chilbok

Ìyá rẹ ní kí n fi èyí kún un. Ní ilé tìrẹ náà, bí o bá ra irú ẹ̀rọ yìí, yan yàrá kan, rẹ bọ́ílà sílẹ̀, gbé ẹ̀rọ náà jìnnà sí aṣọ àti sí ọwọ́ ọmọ, kí o sì pa á kí ẹ tó sùn. Bí ẹ bá sì dé ibí, ẹ má dúró lẹ́nu ọ̀nà kí ẹ máa kí wa. Ẹ wọlé, kí ẹ ti ilẹ̀kùn.