Àwòrán Tó Dúró sí Ibi Tí Mo Ti Fọwọ́ Lẹ́rán

Aneesah ọmọ mi,

Kọ́kọ́ fi orí jì mí nítorí ọwọ́ ìkọ̀wé mi tí kò dára. Púráímárì mẹ́rin náà ni mo kà, o sì mọ̀ pé ọ̀rọ̀ máa ń pẹ́ kó tó dé ọwọ́ mi. Tí mo bá kọ ọ̀kan tán, màá tún wò ó bóyá òun náà ni. Ṣé dáadáa ni o wà ní Àbújá? Ṣé àwọn ará ibi iṣẹ́ yín ò yọ ọ́ lẹ́nu? Ẹsẹ̀ rẹ ò ní kọ níbi tí ẹgbẹ́ rẹ ti ń rìn geere, láṣẹ Ọlọ́run. Èmi náà wà dáadáa ní Pápá Àjàó níbí, orúnkún tó máa ń dùn mí ní Ìwó kò dùn mí mọ́.

Mùktárù télọ̀, tó ń lọ sí Àbújá lọ́la, ni mo fẹ́ fi lẹ́tà yìí rán, torí o ní o ò ní gbé fóònù mi mọ́ àfi tí o bá kọ́kọ́ rí ojú mi nínú kámẹ́rà. O ní gbogbo ìgbà tí o bá pè ni Bàbá Yẹ̀kínnì máa ń wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Òótọ́ ni, wọ́n máa ń wà níbẹ̀. Oṣù mẹ́ta péré ló pé tí wọ́n so yìgì wa, ọmọ mi, níbo ni kí ọkọ mi wà? Ojú ń tì mí bí mo ṣe kọ ìyẹn. Jẹ́ kí n bọ́ sórí ọ̀rọ̀ kámẹ́rà.

Lọ́jọ́ tí Bright, ọkùnrin tí o rán wá, gbé e kọ́ sókè ilẹ̀kùn ìdáná wa lẹ́yìnkùlé, mo juwọ́ sí i, mo bi í pé ṣé o ti jẹun. Bright ní kò tíì ríran. Ó kó nǹkan funfun mẹ́ta jáde, wọ́n tó ife omi, ó ní mẹ́ẹ̀ṣì ni wọ́n, àwọn ni yóò máa gbé wáífáì fún ara wọn káàkiri ilé. Ó fi ọ̀kan sí pálọ̀ níwájú, ọ̀kan sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó wá gbé ẹ̀kẹta sí yàrá wa tó kángun sí ìdáná, ó ní òun ni kámẹ́rà máa dì mú torí òun ló sún mọ́ ọn jù. Ó kìlọ̀ fún mi pé ó wọ́n, kí n tọ́jú rẹ̀ kúrò lọ́wọ́ omi àti eruku. Mo ní kó fọkàn balẹ̀.

Àmọ́ àwòrán náà á rìn díẹ̀, á dúró, á tún rìn. Bright wá lẹ́ẹ̀mejì, ó ní kámẹ́rà kọ ẹni tó sún mọ́ ọn, pálọ̀ tó jìn ló so mọ́. Mo bá kámẹ́rà náà wí gan-an, mo ní irú ẹ̀kọ́ wo nìyẹn, kéèyàn fo aládùúgbò rẹ̀ dá kó lọ máa kí ará òkèèrè. Ìgbà tó di ọjọ́ Àìkú, àwòrán náà dúró pátápátá, ibi tí mo ti jókòó sórí àpótí tí mo fọwọ́ lẹ́rán ló sì dúró sí. O wo àwòrán yẹn láti ọ̀sán títí di ìrọ̀lẹ́. O wá kọ̀wé sórí fóònù Bàbá Yẹ̀kínnì pé ẹni tó ń jìyà ló ń fọwọ́ lẹ́rán, pé o ń gbé ọkọ̀ ẹrù bọ̀ ní Sátidé láti kó mi padà sí Ìwó. Wọ́n kà á lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n ní ọmọ tó ń bẹ̀rù nítorí ìyá rẹ̀ kò ṣẹ ẹnikẹ́ni, àmọ́ wọn ò lè jẹun.

Aneesah, bàbá rẹ ni mò ń rò lọ́jọ́ náà. Àgbàdo ni mò ń sun, òórùn rẹ̀ gbé mi lọ sí ẹ̀yìnkùlé wa nígbà ayé wọn, tí bàbá rẹ á ṣẹ́ tiwọn sí méjì, tí wọ́n á máa fẹ́ ẹ kó lè tutù, tí ìwọ á ní ibi tó jó yẹn gan-an lo fẹ́. Bàbá Yẹ̀kínnì bá mi níbẹ̀, wọ́n ní kí ló dé. Mo fẹ́ purọ́, mi ò lè pa á, mo sọ fún wọn. Ṣé o mọ̀ pé ìjókòó mọ́tò ni wọ́n ń rán ṣiṣẹ́? Wọ́n fa ọ̀kan tí wọn ò tíì rán tán, wọ́n jókòó lé e, wọ́n ní kí n sọ irú èèyàn tí bàbá rẹ jẹ́ fún àwọn. Mo sọ ọ́ títí wọ́n fi pe ìrun Alásárì. Kámẹ́rà ò rí ìyẹn.

Lánàá, Bright tún wá. Ó ń ṣàlàyé bí àwọn mẹ́ẹ̀ṣì yẹn ṣe ń gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu ara wọn, mo sì rántí Ìwó. Tí o bá ti bọ́ sílẹ̀ ní gáréèjì, elépo á ké sí alágbàfọ̀, alágbàfọ̀ á ké sí ìyàwó Lèmọ́mù tí ògiri wa jọ kan ara, òun ló máa yọjú sí mi pé ọmọ rẹ ń bọ̀ o. Kò sẹ́ni tó lè ti gáréèjì pè mí. Tí ìyàwó Lèmọ́mù bá sùn, mi ò ní gbọ́ nǹkan kan. Mo bá rántí mẹ́ẹ̀ṣì yàrá wa. Inú bàsíà ni mo tọ́jú ẹ̀kẹta sí.

Bàsíà tánganran mẹ́fà tí àwọn àbúrò mi rù tẹ̀ lé mi wálé ọkọ yẹn ni. A kì í fi ohun iyebíye sílẹ̀ gbalasa ní yàrá ìyàwó. Mo fi aṣọ àdìrẹ wé e, mo fi káfúrà sí i, mo dé e lómorí, mo to márùn-ún yòókù lé e, okùn iná rẹ̀ nìkan ni mo yọ síta. Mi ò lè sọ ọ́ níwájú Bright. Mo fà sẹ́yìn, mo sọ ọ́ sí Bàbá Yẹ̀kínnì létí. Wọ́n kàn padà lọ bá a, wọ́n ní “Bright, má bínú, èmi ni mo gbé e sínú bàsíà.” Bright fi wọ́n rẹ́rìn-ín títí, ó ní bàbá, irin ni bàsíà, ẹ ti dí i létí. Àwọn náà ń rẹ́rìn-ín, wọn ò wo ọ̀dọ̀ mi rárá. Wọ́n gbé e sójú fèrèsé, kámẹ́rà sì dì í mú lójú ẹsẹ̀.

Ẹni tí o fẹ́ gbé ọkọ̀ ẹrù wá bá nìyẹn o.

Jọ̀ọ́, wò mí lẹ́yìn ìrun Jímọ́ọ̀, màá jókòó síbẹ̀. Tí o bá tún rí mi tí mo fọwọ́ lẹ́rán lọ́jọ́ mìíràn, má bẹ̀rù, bàbá rẹ ni mo lọ kí. Bright ní kámẹ́rà ń jẹ dátà bí ẹní jẹ ẹ̀pà, fi owó dátà ránṣẹ́, kí o fi díẹ̀ lé e kí n fi ra ìbòrí tuntun, torí ojú rẹ tí yóò máa wò mí. Ọlọ́run á fún ọ ní ọkọ tó máa bò ọ́ láṣìírí, á jẹ́ kí o pẹ́ fún mi, kí n gbé ọmọ rẹ jó.

Ó ku ẹyọ kan tó ń tì mí lójú. Láti ọdún mọ́kànlá tí bàbá rẹ ti lọ, èmi nìkan ni mò ń dá jẹun. Níbí, tí mo bá gbé oúnjẹ sílẹ̀, wọn ò ní fọwọ́ kàn án títí n ó fi jókòó. Wọ́n ti ń pè mí báyìí pé Àdùkẹ́, ọbẹ̀ ń tutù. Mo ní lẹ́tà Aneesah ló kù, wọ́n ní kí n bá àwọn kí ọ, kí n sọ fún ọ pé tí o bá dé ní Sátidé, àwọn ò ní bu òkèlè àfi tí ìwọ náà bá jókòó.