Òjò Bomi Rin Búlọ́ọ̀kù Mi

Ọjọ́bọ̀, ìparí oṣù Ẹrẹ́nà

Mo mọ̀ pé mi ò ní ṣìṣe. Rédíò ti sọ ọ́ lánàá: oòrùn á mú láàárọ̀, atẹ́gùn á fẹ́ tó bá di ọ̀sán, òjò díẹ̀ á tẹ̀lé e nírọ̀lẹ́, òtútù á sì mú mọ́jú.

Bí mo ṣe kírun Àsùbáà tán ni èmi àtàwọn òṣìṣẹ́ mi bẹ̀rẹ̀ sí í mọ búlọ́ọ̀kù. Bọ̀ọ̀dá Ràṣíìdì, ẹ̀gbọ́n mi, dúró tì wá, wọ́n ń mirí.

"Síkírátù, òjò á sọ gbogbo sìmẹ́ńtì yìí di ẹrẹ̀ o."

"Ẹ fọkàn balẹ̀, Bọ̀ọ̀dá mi. Kó tó dé, á ti le."

Ó kù díẹ̀ ká kírun Aláásárì ni atẹ́gùn dé, eruku bo gbogbo àdúgbò. Mo fọwọ́ kan búlọ́ọ̀kù, ó ti le! Mi ò tiẹ̀ da tapólì bò ó. Òjò náà rọ̀ wẹ́ẹ́rẹ́wẹ́ẹ́rẹ́, ó bá mi bomi rin gbogbo wọn kí wọ́n lè túbọ̀ le. Kànga wa sì rèé, ó ti fẹ́ẹ̀ gbẹ tán.

Mo fi Bọ̀ọ̀dá rẹ́rìn-ín dáadáa. Wọ́n kàn nawọ́ sí ẹ̀yìnkùlé.

Yéè, fóòmù ibùsùn mi! Èmi fúnra mi ni mo gbé e sóòrùn láàárọ̀. Omi ń ro tótó lára ẹ̀.

"Àbí rédíò ò sọ ti fóòmù ni?" Bọ̀ọ̀dá ló bi mí bẹ́ẹ̀.

Orí ẹní ni mo ti ń kọ èyí. Òtútù ń mú mi lẹ́sẹ̀.

Rédíò ò parọ́ kankan.