Ìgbì Aago Mẹ́rin

Ọjọ́ Ajé, 6 Oṣù Kẹwàá
Arúgbó tún ṣe é. Arúgbó ni mo ń pe agbá irin tó léfòó lójú agbami, tó ń wọn ìgbì ránṣẹ́ sí ọ́fíìsì wa. Gbogbo ìgbì ọ̀sán òní kò ju mítà méjì àti díẹ̀ lọ. Ní aago mẹ́rin géérégé, ọ̀kan ṣoṣo: 3.9. Lánàá, 3.9. Níjẹta, 3.9. Ìgbì kì í jọ ara wọn báyìí. Ìbejì pàápàá ní àmì tí ìyá wọn fi ń dá wọn mọ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 7
Mo fi han Ọ̀gá. Ó ní ẹ̀rọ náà ń ṣarán, kí n má dá a lóhùn. Ìpíndọ́gba yóò gbé e mì. Òótọ́ ni. Ó gbé e mì.

Ọjọ́rú, 8
3.9.

Ọjọ́bọ̀, 9
Oníwáyà, tó ń bá wa tún ẹ̀rọ ṣe, lọ wo Arúgbó. Ó padà dé, kò jókòó. Ó ní ara Arúgbó le ju tèmi lọ. Mo bi í nípa aago mẹ́rin. Ó ní omi ṣàdédé rọlẹ̀ bí omi inú àwo. Arúgbó nìkan ló gòkè, tó sì sọ̀ kalẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́ mà, nígbà mìíràn, ẹlòmíràn ni kẹ́ ẹ rán." Ẹni tí ẹnu rẹ̀ kì í dúró! Ó kó irinṣẹ́ rẹ̀, ó sì lọ.

Ọjọ́ Ẹtì, 10
Àbúrò mi pè. Kò-Gbọ́ ni mo ń pè é níhìn-ín. Ọkọ̀ apẹja ló ń wà. Lọ́la, yóò gba ẹ̀gbẹ́ Arúgbó kọjá.
"Àǹtí mi, nọ́ńbà dà?"
Mo ní mítà méjì.
"Ẹ ṣé o. Ọkọ̀ mi ga ju mítà mẹ́ta lọ. Èwo ló fẹ́ dé ọ̀dọ̀ mi níbẹ̀?"
Ogún ọdún ni mo ti ń fún un ní nọ́ńbà, n kò sì sọ fún un rí pé nọ́ńbà náà kì í ṣe òpin. Bàbá wa náà gbọ́ "mítà méjì" lórí rédíò, ó fọkàn balẹ̀, ó lọ. Kò padà. Lẹ́yìn ọdún mẹ́ta ni mo kọ́ ìtumọ̀ rẹ̀ ní pólì. Mo dákẹ́ — kí ìyá wa má baà sunkún lẹ́ẹ̀kejì.

Ọjọ́ kan náà, ìrọ̀lẹ́
Mo pè é padà. Mo ní kó fojú inú wo kíláàsì ọlọ́gbọ̀n ọmọ. A mú àwọn mẹ́wàá tó ga jù, a ro gíga wọn pọ̀, a pín in dọ́gba. Èyí tó bá jáde ni à ń kéde. Ẹni tó bá fi ìwọ̀n yẹn kan ilẹ̀kùn, ọmọ kan yóò forí gbá a. Ní ti ìgbì, ọmọ yẹn lè ga tó ìlọ́po méjì.
"Àǹtí, ogún ọdún! Ẹ̀yin àti pólì yín!" Ó rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò dénú.
Mo sọ ti aago mẹ́rin fún un. Ó ní òun kò lọ mọ́, òun yóò so ọkọ̀ mọ́ èbúté. Kò-Gbọ́ gbọ́, lẹ́ẹ̀kan láyé!

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 11
Aago mẹ́rin. Arúgbó kò gòkè. Mo dúpẹ́. Mo fẹ́ pa kọ̀ǹpútà nígbà tí ẹ̀rọ kékeré tó ń wọn omi èbúté, nísàlẹ̀ fèrèsé mi, kọ nọ́ńbà tirẹ̀: 3.9.
Mo yọjú. Omi dúró bí omi inú àwo. Gbogbo ọkọ̀ dúró jẹ́ẹ́. Ọ̀kan ṣoṣo, ti Kò-Gbọ́, ni okùn rẹ̀ ti já, tí omi ń ro tó-tó-tó lára rẹ̀.
Fóònù mi dún. Kò-Gbọ́ ni. Kò kí mi.
"Àǹtí, ta lẹ sọ fún pé mi ò lọ?"
Ìwé yìí nìkan.