Orúkọ Mi Lẹ́nu Rẹ́ní

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú pé mo láyà láti kọ̀wé sí yín. Mo mọ̀ pé wọn kì í ṣe bẹ́ẹ̀. A ní ẹ kú ìjókòó, a ní ẹ kú ìdúró, a ní ẹ kú òjò pàápàá, àmọ́ mo ti ronú títí, mi ò rí irú ẹ kú tí ọmọ fi ń kí bàbá rẹ̀ tó ti lọ sọ́run. Ẹ ṣáà gbà á pé orí ìkúnlẹ̀ ni mo wà.

Mo ti wọ ilé-ẹ̀kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ọdún kìíní ni mo wà. Bí tísà bá béèrè nǹkan, mo sábà máa ń mọ̀ ọ́n, àmọ́ kó tó dá mi lójú, ẹlòmíràn á ti sọ ọ́. Mi ò mọ̀ bóyá èmi ló yẹ kí wọ́n gbà.

Ilé ńkọ́? Títì tí wọ́n ń fẹ̀ láti ọ̀nà ààfin ti dé ọ̀dọ̀ wa. Ilé àwọn Rẹ́ní tó kọjú sí tiwa ni wọ́n kọ́kọ́ wó. Àwọn òbí rẹ̀ kó lọ sẹ́yìn ìlú, lọ́nà Ìsẹ́yìn, níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti mọ̀ wọ́n. Kànga tí gbogbo wa jọ ń pọn ti wà lábẹ́ ọ̀dà. Rẹ́ní nìkan ló padà wá, torí pé Bọ̀ọ̀dá, ọmọkùnrin yín, fẹ́ ẹ.

Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá, Rẹ́ní wa ni. Èyí tí a jọ ń jẹun nínú abọ́ kan, tí ẹ máa ń pè ní orúkọ mi, tí ẹ ó sì wá pe èmi ní orúkọ tirẹ̀, tí àwa méjèèjì á jọ sáré wá. Ṣé ẹ máa ń ṣì í pè ni, àbí àwa méjèèjì lẹ kàn fẹ́ rí? Mi ò bi yín nígbà náà. Ohun kan sì wà tí mi ò lè bi òun náà: ṣé Bọ̀ọ̀dá ló fẹ́ ni, àbí àdúgbò wa ni kò fẹ́ fi sílẹ̀?

Ẹ mọ òfin ilé wa. Ìyàwó kì í pe ọmọ tó bá nílé lórúkọ. Nítorí náà Rẹ́ní ní láti wá orúkọ mìíràn fún mi, ló bá sọ mí ní Eyínmẹ́nugún, èmi tí eyín iwájú mi ń gun ara wọn lórí! Kò rẹ́rìn-ín rárá nígbà tó ń sọ ọ́. Èmi nìkan ló mọ̀ pé yẹ̀yẹ́ ló ń fi mí ṣe. Inú mi dùn lọ́jọ́ náà. Àmọ́ láti ìgbà náà ló ti ń kúnlẹ̀ kí mi, tó ń pè mí ní ẹ̀yin. Ẹ̀yin, Bàbá! Rẹ́ní!

Lọ́jọ́ tí katapílà dé láti wó iwájú ilé wa, a ti kó ẹrù ibẹ̀ jáde tán. Ni mo bá rántí ìṣó tí ẹ máa ń fi fìlà yín kọ́ lẹ́yìn ilẹ̀kùn yàrá iwájú. Mo sáré wọlé lọ fà á yọ. Awakọ̀ katapílà kò rí mi. Ògiri ti ń mì. Rẹ́ní ló rí mi, ó sì pariwo orúkọ mi, orúkọ tí ẹ sọ mí gan-an, lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Mo fò jáde. Ògiri wó.

Mo ṣì ń gbọn eruku lára nígbà tí Ìyá Ṣọlá, ìyàwó àbúrò yín, bẹ̀rẹ̀.

“Rẹ́ní, ṣé orí ẹ pé? Ọmọ tó o bá nílé lo ń pariwo orúkọ ẹ̀ lójú títì báyẹn?”

“Ẹ má bínú, mà. Ògiri ló fẹ́ wó lù wọ́n.”

“Ògiri! Ṣé Eyínmẹ́nugún ò ṣe é pariwo ni?”

“Ìyálé mi, kí n tó pe Eyínmẹ́nugún tán, òkú là bá máa gbé.”

Àwọn òṣìṣẹ́ títì bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ló ba ọ̀rọ̀ jẹ́. Ìyá Ṣọlá ní kó kúnlẹ̀ bẹ gbogbo ọmọ ilé, láti orí mi dé orí Káyọ̀dé tí kò tíì mọ ọ̀rọ̀ ọ́ sọ. Káyọ̀dé rò pé eré ni, òun náà kúnlẹ̀. Mo ní, “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀mí mi ló gbà là.” Mo rò pé mo sọ ọ́ sókè.

“Ọkọ rẹ̀ ni ọ́,” ni Ìyá Ṣọlá dá mi lóhùn. “Lọ jókòó.”

Bọ̀ọ̀dá ń wolẹ̀.

Láti ọjọ́ náà ni àyà mi ti ń já. Rẹ́ní kò ṣe ẹ̀fẹ̀ mọ́. Bí mo bá lọ sílé, ó ń kí mi bí ẹni tó ń kí àlejò. Bí ẹ bá wà níbẹ̀, ta ni ẹ̀ bá gbè, òun ni àbí òfin ilé?

Ní ọjọ́ ìsinmi tó kọjá, ó gbé èlùbọ́ tí Màmá fi rán an wá bá mi níbí. Ó kúnlẹ̀ sínú eruku lẹ́nu géètì, níṣojú àwọn ẹgbẹ́ mi.

“Ọmọ ọ̀dọ̀ yín ni?” ni ọ̀kan nínú wọn béèrè.

“Ọ̀rẹ́ mi ni.”

“Ìyàwó wọn ni mí,” ni Rẹ́ní sọ kíákíá.

“Háà! Nọ́ọ̀sì ti láya!”

Wọ́n fi wá rẹ́rìn-ín títí. Mo sìn ín dé garéèjì. Mo ń rò ó pé báyìí la ó máa ṣe é títí a ó fi darúgbó, òun lórí ìkúnlẹ̀, èmi lórí ìdúró. Ó wọ ọkọ̀. Ọkọ̀ ṣí. Ló bá yọ orí lójú fèrèsé, ó pariwo orúkọ mi, ó sì fi orúkọ yín kún un, bí wọ́n ṣe máa ń pè mí nílé ìwé. Gbogbo garéèjì yíjú. Mo sì dáhùn. Bàbá, mi ò dá ẹnikẹ́ni lóhùn sókè tó bẹ́ẹ̀ rí.

Àmọ́ mi ò sùn dáadáa mọ́. Orúkọ bàbá ọkọ! Bí ẹnì kan láti àdúgbò wa bá wà nínú ọkọ̀ yẹn ńkọ́? Bí ó bá ṣèèṣì bọ́ lẹ́nu rẹ̀ nílé ńkọ́? Ṣé ẹ gbọ́ ọ lọ́hùn-ún? Ṣé ó dùn yín, àbí ẹ rẹ́rìn-ín? Bí ó bá jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀, èmi ni kí ẹ bá wí, torí mo fẹ́ kó tún pè mí bẹ́ẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, Màmá Àgbà wà lọ́dọ̀ yín, àwọn ni wọ́n sì fi òfin yìí kọ́ gbogbo ìyàwó ilé wa. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n rí ìwé yìí. Bí Màmá bá sì lá àlá yín, ọ̀rọ̀ mìíràn ni kí ẹ bá wọn sọ.

Èmi ni ọmọ yín, tó fẹ́ràn yín tìjáyà-tìjáyà.