Ẹ̀fọn Tìrẹ, Ẹ̀fọ̀n Ti Mọ́mì

                                        Ojúlé Kẹsàn-án, Òpópónà Akíntáyọ̀,
                                        Òkè-Àfà, Ìsọlọ̀,
                                        Èkó.
                                        Ọjọ́ kejì, oṣù Kọkànlá, 2024.

Lará, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé dáadáa ni o wà? Òtútù ọ̀hún ńkọ́, ṣé ó ti ń mọ́ ọ lára? Ṣé o ń jẹun? Ara mi le, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run, àwọn ọmọ náà wà dáadáa. Àárò rẹ nìkan ló ń sọ mí. Ọ̀rọ̀ orí fóònù ò tó mi mọ́, ni mo bá mú báírò. Jennifer, ọmọ àǹtí mi tó ń padà sọ́hùn-ún, ló máa bá mi mú un dé ọ̀dọ̀ rẹ.

Mo ṣì ń bá ọ bu tanwíji nínú kòtò omi òjò ẹ̀yìn ilé wa, mo sì ń fi iye wọn ránṣẹ́ fún ìṣirò rẹ. Bàṣírátù, aládùúgbò wa, bi mí pé ṣé mo ti ń sin ẹ̀fọn ni. Mo ṣàlàyé fún un bí o ṣe ṣàlàyé fún mi: bí òjò bá rọ̀ tó báyìí, ẹ̀fọn á pọ̀ tó báyìí, ẹni tí ibà máa dá dùbúlẹ̀ á tó báyìí, àti pé ẹ̀fọn tó bá tètè kú ò lè kó ibà ran ẹnikẹ́ni, èyí tó bá pẹ́ láyé ni ká sá fún. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní kí n bá òun bi ọ́, ìwọ tí o mọ iye ọjọ́ tí ẹ̀fọn ń lò láyé, ṣé o mọ iye ọdún tí o ti fi ilé sílẹ̀.

Ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ gan-an nìyí. Nígbà tí o sọ fún mi pé o ò ní lè wálé ní Kérésì, pé ìṣirò ẹ̀fọn ò tíì parí, o ní o ti fi tó Mọ́mì rẹ létí. Wọ́n gbé fóònù wọn wá hàn mí. Ohun tí o kọ rèé: "Momi, e ma binu, efon lo wa lokan mi ni Keresi yii." Lará, o ò fi àmì ohùn kan ṣoṣo sí i! Ọmọ Ẹ̀fọ̀n Aláayè sì ni Mọ́mì, ìlú wọn ni wọ́n kà níbẹ̀. Wọ́n rò pé torí pé o ò ní yà l'Ékòó ni o ṣe ní kí wọ́n má bínú. Wọ́n ní, "Ọdúnayọ̀, ilé bàbá mi lọmọ mi fẹ́ wá ṣe Kérésì." Mo la ẹnu kí n sọ òtítọ́. Mo wo ojú wọn, mo pa á dé.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè ni wọ́n wọkọ̀ Ẹ̀fọ̀n ní Òṣòdì. Èmi ni mo bá wọn gbé ẹrù débẹ̀: kọ́tìnì tuntun, ọ̀dà tí wọ́n fẹ́ fi kun yàrá, àti nẹ́ẹ̀tì kan, kí ẹ̀fọn Ẹ̀fọ̀n má baà jẹ ọmọ wọn. Ẹ̀rín ni mo fẹ́ rín, ẹkún ló jáde.

Bàṣírátù ní kí n kí ọ o. Àwọn ọmọ náà ń kí ọ, wọ́n ṣì ń béèrè àǹtí tó ń ka ẹ̀fọn.

Inú bí mi sí ọ, mi ò ní purọ́. Mo mọ̀ pé iṣẹ́ ńlá ni. Ta ni ibà ò tíì mú rí láàárín wa? Ṣùgbọ́n wọ́n ti ń kun yàrá. Yálà kí o pè wọ́n kí o ṣàlàyé, tàbí kí o wá sùn sábẹ́ nẹ́ẹ̀tì yẹn. Èmi ò lè bá ọ sọ ọ́ fún wọn. Nígbà tí mo gba fóònù lọ́wọ́ wọn, èmi tí mo mọ òtítọ́, Ẹ̀fọ̀n ni èmi náà kọ́kọ́ kà.

                                        Èmi ni tìrẹ tó ń wọ̀nà fún ọ,
                                        Ọdúnayọ̀.