Ìwádìí Tí Kò Ní Ọlọ́pàá Nínú

Ọmọ mi nọ́ọ̀sì,

Ṣé ara le? Ṣé iṣẹ́ ń lọ déédéé? Àwa náà ń bẹ láyé, Ọlọ́run ò ní jẹ́ ká gbọ́ aburú rẹ níbi tí o wà. Ìyá rẹ kí ọ púpọ̀púpọ̀. Orí bẹ́ẹ̀dì tó dùbúlẹ̀ sí náà ló ti ń pàṣẹ fún mi.

Ìjọsí tí o pè, tí o ní ẹnu ìwádìí lo wà, tí fóònù wá já, àyà mi já pà. Ìwádìí kẹ̀? Kí lo mú níbẹ̀? Mo ti ti ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ mi pa, mo ti wọ ẹ̀wù kóòtù mi, mo fẹ́ wá gba béèlì rẹ, kí ẹ̀gbọ́n rẹ tó wọlé tó bú sẹ́rìn-ín. Ó ní ìwọ gan-an ló ń ṣe ìwádìí, pé o fẹ́ mọ ohun tó lè dènà egbò tó ń yọ sẹ́yìn àwọn tó pẹ́ lórí bẹ́ẹ̀dì. Ó ní kí ẹ tó bi aláìsàn ní nǹkan, ẹ ó kọ́kọ́ tọrọ àyè lọ́wọ́ rẹ̀, bó bá sì kọ̀, ẹ ó fi í sílẹ̀. Ọlọ́pàá wo ló ń ṣe bẹ́ẹ̀?

Àmọ́ ó ní o fẹ́ pa á tì, torí iṣẹ́ wọ́ọ̀dù ò jẹ́ kí o ráyè mí, mátíróònù sì ní kí nọ́ọ̀sì gbájú mọ́ abẹ́rẹ́, kó fi ìbéèrè sílẹ̀ fún dókítà. Nọ́ọ̀sì àgbà kan ṣoṣo ló ń bá ọ ṣe iṣẹ́ wọ́ọ̀dù kí o lè jókòó kọ ọ́. Bá mi kí i o. Mo ń rán búláòsì fún un. Mi ò mọ ìwọ̀n rẹ̀, àmọ́ mo fàyè sílẹ̀ dáadáa, torí onínúure kì í sábà rù.

Jọ̀wọ́, fi owó ọkọ̀ ránṣẹ́, kí n wá dọ̀bálẹ̀ fún mátíróònù. Má fi sí báńkì, torí ẹ̀rọ tó ń pọ owó ti gbé káàdì mi mì. Mo bẹ̀ ẹ́ títí, kò pọ̀ ọ́.

Láti ìgbà tí o ti ní ká máa yí ìyá rẹ lọ́tùn-ún lósì, egbò ẹ̀yìn rẹ̀ ti ń jiná. Lánàá, bí mo ṣe ń yí i, mo sọ fún un pé o fẹ́ jáwọ́. Ó ní, "Àwọn tí kò bí nọ́ọ̀sì ńkọ́, ta ni yóò yí wọn?"

Ó ní kí n má tíì kọ àdúrà ìparí lẹ́tà yìí, àfi tí o bá dá òun lóhùn. Èmi ò lè dúró ní tèmi: ọwọ́ rẹ tó ń tọ́jú ènìyàn kò ní rọ láé.

Èmi ni,
Bàbá rẹ.